Ohun ìṣeré 211, ọmọ 143, síbẹ̀ kò kárí: bá a ṣe ṣètò oúnjẹ àti ẹ̀bùn ọdún ládùúgbò

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí ọdún dé, àwa méje la jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n yá wa, ohun ìṣeré kún gbogbo ilẹ̀ débi pé èèyàn ò ríbi fẹsẹ̀ tẹ̀. A ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, 211 ló jẹ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Àwọn ọmọ tó wà nínú rẹ́jísítà àwọn ìdílé tí nǹkan ò ṣẹnuure fún, tá a fẹ́ pín in fún, jẹ́ 143. Inú wa ń dùn gan-an, ẹnì kan tiẹ̀ ti ń sọ pé ká fún àwọn kan ní méjì méjì, ìgbà yẹn ni àǹtí tó ń tọ́jú rẹ́jísítà gbójú sókè, wọ́n ní, "Ẹ dákun, èwo ni tàwọn tó ti pé ọdún mọ́kànlá sókè nínú gbogbo ẹ̀?" Ni gbogbo ilé bá pa lọ́lọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mẹ́rin péré la rí.

Mo fẹ́ kọ bọ́rọ̀ yẹn ṣe jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbèrò àtiṣe irú ẹ̀ ládùúgbò tiwọn, ibi tí àwa ti kọsẹ̀ yìí gan-an sì ni wọ́n máa gbà kọjá. Kì í ṣe pé nǹkan wọ́n wa o. Nǹkan pọ̀ nílẹ̀. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé a ti kó ọrẹ jọ tán ká tó bi àwọn tó máa gbà á léèrè pé kí ni wọ́n fẹ́.

Ọdún kẹta tá a máa ṣe é nìyẹn. Ọdún àkọ́kọ́, ìdílé mẹ́rìnlá ni, kò sí fọ́ọ̀mù kankan, a mọ ilé oníkálukú wọn, a mọ iye ọmọ tó wà níbẹ̀ àti orúkọ wọn. Ọdún kejì ó di ọgbọ̀n, a ṣì ń rọ́gbọ́n dá sí i. Lọ́dún kẹta, ìdílé 61 ló forúkọ sílẹ̀, nígbà tá a wá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa a rí i pé mẹ́ta nínú wọn wọlé lẹ́ẹ̀mejì, bàbá ti kọ tiẹ̀, ìyá náà ti kọ tiẹ̀, kálukú wọn rò pé ẹnì kejì ò tíì ṣe é. Ọjọ́ orí àwọn ọmọ la fi dá a mọ̀, torí ilé méjì ò lè máa ní ọmọ mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn bára mu rẹ́gí. A pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká yọ ọ̀kan. Mo ń sọ èyí torí àwọn kan máa ń rò pé ẹni tó bá kọ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì fẹ́ jí nǹkan gbà ni, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ọlọ́pàá bá èèyàn sọ̀rọ̀. Nínú mẹ́ta tá a rí yìí, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ku ìdílé 58.

Bá a ṣe gba ọrẹ: a gbé páálí ńlá ńlá síbi mẹ́rin táwọn èèyàn ti ń wọlé jáde, a sì lẹ ìwé mọ́ ọn pé "Ẹ mú oúnjẹ àti ohun ìṣeré ọmọdé wá." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn, "ọmọdé", òun ló kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà. Tó o bá sọ fún èèyàn pé kó ra ohun ìṣeré fún ọmọdé, ojú ọmọ ọdún mẹ́rin ló máa rí lọ́kàn ẹ̀, á lọ ra bèbí, á ra mọ́tò kékeré. Ìwà ọmọlúàbí lónítọ̀hún hù, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, àwa tá a kọ ìwé náà la ò ṣàlàyé.

Nígbà tá a pín 211 náà sí ọjọ́ orí, bó ṣe rí nìyí. Mẹ́tàdínlógún ti fọ́ tàbí kó jẹ́ pé apá kan ẹ̀ ti sọnù, kò wúlò. Àwọn tí wọ́n mú wá fún ọmọ ọwọ́ títí dé ọdún méjì jẹ́ 23. Ti ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, 104. Ti mẹ́fà sí mẹ́wàá, 63. Ti mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá, 4. Ẹ wá wo iye ọmọ: ọmọ ọwọ́ títí dé ọdún méjì, 21, mẹ́ta sí márùn-ún, 38, mẹ́fà sí mẹ́wàá, 52, mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá, 32. Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n, ẹ̀bùn mẹ́rin. Ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn sì jẹ́ páálí ayò tí wọ́n ti ṣí rí.

Ìgbà yẹn lọkàn mi lọ sí ọdún tó ṣáájú. Ọmọkùnrin kan wà, ó máa tó ọdún mẹ́tàlá, ó bá màmá ẹ̀ wá gbé ẹrù. Àwọn àbúrò ẹ̀ mẹ́ta gba tiwọn, òun ló ń gbé gbogbo ẹ̀ mọ́ra, mo wá bi í pé tìẹ ńkọ́? Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu sà, mi ò retí ẹ̀ náà." Kò bínú rárá, ṣe ló sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ò rọ̀ lónìí. Mo gbọ́ ọ, ó dùn mí díẹ̀, mo sì gbàgbé ẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi gbàgbé ẹ̀ títí tí àǹtí fi béèrè ìbéèrè yẹn. Ó ṣì ń dùn mí títí di báyìí tí mo ń kọ ọ́, torí ọmọ yẹn ti sọ fún wa, a ò kàn fetí sí i ni.

Ká tó lọ síbi tá a ti wá ojútùú, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba àríyànjiyàn kan tó gba wákàtí méjì lọ́wọ́ wa lálẹ́ ọjọ́ náà: ṣé ká máa gba ohun ìṣeré tí wọ́n ti lò rí ni àbí tuntun nìkan? Bọ̀dá kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní ká gbà á, pé tó bá mọ́, tó sì ń ṣiṣẹ́, kí ló dé. Ẹlòmíì ní rárá o, ẹ̀bùn ọdún ni, kò yẹ kó jẹ́ pé ohun tí ọmọ ẹlòmíì ti sú la máa gbé fún ọmọ tí nǹkan ò ṣẹnuure fún. Mo ti kà nípa ètò Toys for Tots tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1947. Ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Bill Hendricks, tó wà nínú Marine Corps Reserve (ẹ̀ka kan lára àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà), ìyàwó ẹ̀ Diane ló fọwọ́ rán bèbí kan, ó ní kó lọ fún ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn ọmọ aláìní, ọkọ wá a kiri, kò rí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ni ìyàwó bá ní kí ọkọ fúnra ẹ̀ dá a sílẹ̀. Ọdún yẹn wọ́n kó ohun ìṣeré 5,000 jọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń gba àlòkù, àwọn ológun náà á máa tún un ṣe, wọ́n á kùn ún lọ́dà, àmọ́ láti 1980 tuntun nìkan ni wọ́n ń gbà. Àkókò àtitún un ṣe ò sí mọ́, òfin ààbò lórí ohun táwọn ọmọdé ń lò náà ti le sí i, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé ohun tuntun tọ́ sí òun. Mo sọ ìtàn yìí fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, òun ló sì parí ìjà. A fẹnu kò pé láti ọdún tó ń bọ̀, tuntun nìkan. Fún tọdún yẹn, torí àlòkù ti wà nílẹ̀, a gba èyí tá a bá yẹ̀ wò fínnífínní tó sì yege, àti ìwé kíkà tó bá ṣì dáa.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Ti ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta ló le jù. Àwọn tó ń dán ohun ìṣeré wò ní iléeṣẹ́ ní ihò kékeré kan tí wọ́n ń lò, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju mìlímítà 31.7 lọ, ó fẹ́ jọ ọ̀nà ọ̀fun ọmọ kékeré, ohunkóhun tó bá wọ inú ẹ̀ pátá kò gbọ́dọ̀ kan ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta sísàlẹ̀ torí ó lè há sí i lọ́fun. Àwa ò ní irú ẹ̀, páálí róbótó tó máa ń wà láàárín tíṣù ìnùdí la fi ṣe é. Ó fẹ̀ díẹ̀ ju tiwọn lọ, èyí sì dáa, torí á túbọ̀ jẹ́ kéèyàn ṣọ́ra. A ń ju nǹkan sínú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú bèbí tó ń yọ jáde, wọ́ọ̀lì mọ́tò tó ń bọ́, bọ́tìnnì ara aṣọ ọmọláńgidi. Nínú 23 tí wọ́n mú wá fún ọmọ ọwọ́, mẹ́sàn-án ò yege. A gbé mẹ́rin lọ síbi tàwọn ọmọ tó dàgbà díẹ̀ wà, a da márùn-ún nù.

Ohun kejì ni bátìrì kékeré pẹlẹbẹ tó dà bí owó ẹyọ, èyí tó máa ń wà nínú ohun ìṣeré tó ń kọrin tàbí tó ń tanná. Tí ọmọ bá gbé e mì tó sì há sí i lọ́fun, láàárín wákàtí méjì ó ti lè jó o nínú gidigidi. Torí náà èyíkéyìí tí ìdérí bátìrì ẹ̀ ò bá ní ìdè tó gba súkúrúdiráfà, a ò gbà á rárá, kódà fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, torí àbúrò ẹ̀ wà nílé. Mágnẹ́ẹ̀tì kéékèèké náà bẹ́ẹ̀, tọ́mọ bá gbé méjì mì, wọ́n á fa ara wọn nínú ìfun, wọ́n á sì dá a lu. Bàlúù tí wọn ò tíì fẹ́, àwọn èèyàn fẹ́ràn kí wọ́n máa fi sínú báàgì ọmọ, a yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, ọmọ tí ò tíì pé mẹ́jọ lè fi pa ara ẹ̀ lára. Èyí tó ti pẹ́ gan-an tí ọ̀dà ara ẹ̀ ń ṣí, a ò tiẹ̀ bá a jiyàn, torí ọ̀dà ayé àtijọ́ máa ń ní òjé nínú, Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ 1978 ló tó fòfin dè é lára ohun ìṣeré ọmọdé.

Ní báyìí ó ku ti àwọn àgbààgbà ọmọ, ìyẹn àwọn ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá. Ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹnì kan ní ká kàn pín káàdì owó fún wọn, ẹlòmíì ní ká fún kálukú ní ìwé kíkọ àti báírò, mo sọ fún wọn pé ọmọ tá a fún ní ìwé kíkọ àti báírò lọ́jọ́ ọdún máa mọ̀ pé a ò ro tòun. Àǹtí tún ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tó lójú. Wọ́n ní, "Ṣebí a ní nọ́ńbà fóònù ìyá wọn nínú rẹ́jísítà? Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè." Mi ò mọ ìdí tó fi dà bíi pé ọ̀rọ̀ àràmàǹdà ni lójú wa lálẹ́ yẹn. Ọdún mẹ́ta la ti ń ṣe é, a ò pe ẹyọ ẹnì kan rí láti bi í.

Àwa mẹ́ta la pín nọ́ńbà náà láàárín ara wa, alẹ́ méjì la fi pè wọ́n. Òbí la ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ, kí ìrètí ọmọ má bàa ga tá ò bá rí i. A ní kí wọ́n dárúkọ ohun mẹ́ta tọ́mọ náà máa fẹ́, kó má jẹ́ ohun olówó gọbọi. Ohun tí wọ́n sọ, ẹ ò ní gbà á gbọ́ bó ṣe yàtọ̀ síra. Bọ́ọ̀lù àti ohun tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ. Íyápíìsì. Pẹ́ńsù aláwọ̀ mèremère àti ìwé tí wọ́n fi ń yàwòrán. Kalikulétọ̀ tó lè ṣe ìṣirò àwọn oníṣáyẹ́ǹsì. Báàgì àgbékọ́yìn tí síìpù ẹ̀ ò bà jẹ́. Ìpara àti lọ́fínńdà tiẹ̀ fúnra ẹ̀, kì í ṣe ti màmá. Ọmọbìnrin ọdún méjìlá kan fẹ́ páálí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́, torí àwọn àbúrò ẹ̀ ò jẹ́ kí nǹkan ẹ̀ sinmi. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá kan fẹ́ iná ìkàwé tó ń lo ṣájà, torí inú yàrá kan náà ni gbogbo ilé ń sùn, tó bá tanná kàwé wọn ò ní lè sùn. Òbí ọmọ mẹ́ta ò gbé fóònù títí, a kọ "ohun tó bá ọjọ́ orí ẹ̀ mu" síwájú tiwọn.

Salvation Army, ẹgbẹ́ Kristẹni tó ń ṣoore fún aláìní, ló kọ́kọ́ ṣe ohun tá a wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ìlú Lynchburg ní Virginia ní Amẹ́ríkà ni, lọ́dún 1979. Angel Tree ni wọ́n pè é: wọ́n kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fẹ́ sórí káàdì, wọ́n so ó kọ́ ara igi, ẹni tó bá fẹ́ ṣoore á já káàdì kan, á lọ ra ohun tó wà lórí ẹ̀. Àwa ò so ó kọ́ igi, okùn la ta sára ògiri nídìí àwọn páálí wa, a fi pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ kọ́ káàdì 32 sára ẹ̀. Kò sí orúkọ níbẹ̀, kò sí àdírẹ́sì, nọ́ńbà nìkan, ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, àti ohun mẹ́ta yẹn. Rẹ́jísítà tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ wà lọ́wọ́ àǹtí nìkan ṣoṣo. Tẹ́nì kan bá já káàdì, á kọ nọ́ńbà fóònù ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, a sì dá ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ mú un wá fún un, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìpín, kì í ṣe àná ọjọ́ náà, torí ẹni tó gbàgbé á wà, àkókò ò sì ní sí mọ́ láti ra òmíì.

Láàárín ọjọ́ márùn-ún, 26 ti wọlé. Ẹ gbọ́ o, àwọn kan náà tó ń ra bèbí ni o! Wọn ò yí padà, ìbéèrè wa ló yí padà. Obìnrin kan tó ra íyápíìsì sọ fún mi pé òun ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá nílé, òun ò sì ronú kan irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rárá nígbà tóun rí "ohun ìṣeré ọmọdé."

Mẹ́fà ṣì kù, ti ọmọ ọwọ́ náà ò pé, mẹ́rìnlá ló kù nílẹ̀ fún ọmọ 21. Bẹ́ẹ̀ ti ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kún àkúnwọ́sílẹ̀. A wá pe ẹgbẹ́ míì tó ń ṣe irú ẹ̀ nítòsí wa, ni wọ́n bá ní tiwọn kò tó fún àwọn kékeré rárá, wọ́n ní bọ́ọ̀lù àti báàgì lápọ̀jù. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. A kó àádọ́ta fún wọn, wọ́n kó mẹ́sàn-án tó bá àwọn àgbààgbà mu fún wa àti méje fún ọmọ ọwọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló parí. Ká ní a ti mọ nọ́ńbà ara wa látọdún àkọ́kọ́ ni, à bá ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà.

Ti oúnjẹ ò le tó bẹ́ẹ̀, torí fọ́ọ̀mù ti béèrè ohun mẹ́ta kan: ṣé ibi ìdáná wà nílé, ṣé fíríìjì wà, ṣé oúnjẹ kan wà tẹ́nì kan nínú ilé ò gbọ́dọ̀ jẹ. Ìdílé mẹ́rin ló kọ pé àwọn ò níbi ìdáná lásìkò yẹn, ká ní a gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà tútù fún wọn, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ọmọ méjì wà tí ẹ̀pà ò gbọ́dọ̀ kàn lẹ́nu, àgbàlagbà mẹ́ta ní ìtọ̀ ṣúgà. Báàgì tiwọn yàtọ̀, a lẹ bébà aláwọ̀ mọ́ ọn. Ibi tá a ti fẹ́ ṣìṣe ni pé ẹnì kan nínú àwọn tó wá ràn wá lọ́wọ́ ti ń tú bisikíìtì ńlá, ó ń bù ú sínú ọ̀rá kéékèèké kó lè kárí, ọkàn rere ló fi ṣe é, àmọ́ ọ̀rá yẹn ò ní àkọlé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ẹ̀pà wà nínú ẹ̀. A dá a dúró, a sì kó èyí tó ti bù fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ ẹ́. Agolo tó bá wú, a dà á nù láìṣí i wò, torí kòkòrò tó ń mú un wú lè ní oró tó ń pààyàn. Èyí tó tẹ̀ wọnú gan-an létí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ náà, a dà á nù. Mílíìkì ìkókó mẹ́fà ti kọjá ọjọ́ tó wà lára ẹ̀, èyí ò ní "ṣùgbọ́n" nínú, ìdọ̀tí ló gbà lọ. Oyin la ò fi sínú báàgì ilé tó bá ní ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan. Ẹnì kan fẹ́ fún wa ní adìyẹ dídì, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, a ò gbà á, torí a ò ní fírísà, ẹran ò sì gbọdọ̀ jókòó ju wákàtí méjì lọ níta.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò wá yọjú. Ọjọ́ kẹfà ṣáájú ìpín, ọkùnrin kan tó ti ṣèlérí bọ́ọ̀sì tá a máa fi kó ẹrù ní òun máa wá pẹ̀lú oníkámẹ́rà, òun á dúró láàárín àwọn ọmọ, wọ́n á gbé ẹ̀bùn dání. Bẹ́ẹ̀ ìyá kan ti béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tó ń forúkọ sílẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ máa ya àwọn ọmọ mi ní fọ́tò? Tẹ́ ẹ bá máa yà wọ́n, mi ò ní wá." Mo ti fún un lọ́rọ̀ mi. Mo ṣàlàyé fún ọkùnrin náà, mo ní kí wọ́n wá ya àwọn báàgì tá a ti dì, kí wọ́n ya àwa tá à ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n dúró síwájú ẹrù. Wọ́n ní tí kò bá sójú ọmọ nínú ẹ̀, àwọn tó fowó sí i fún àwọn ò ní gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi, mi ò rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Àmọ́ ojú ọmọ tó wà lórí fóònù gbogbo ayé pé òun ló gba oúnjẹ ọrẹ, bó bá dàgbà tán kò ní lè pa á rẹ́. A ò gbà, wọn ò sì gbé bọ́ọ̀sì wọn wá mọ́. Mọ́tò kékeré méjì la fi kó gbogbo ẹ̀, lẹ́ẹ̀meje, ó rẹ̀ wá, àmọ́ a kó o tán.

Lọ́jọ́ ìpín, a pín àwọn ìdílé sí mẹ́fà mẹ́fà, ogún ìṣẹ́jú fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Kò sí ìlà gígùn níta, ìyẹn ló jẹ mí lógún jù. Àwọn ọmọ wà ní yàrá kan, àwọn ọ̀dọ́ ń pa àlọ́ fún wọn, wọ́n ń yàwòrán. Àwọn òbí nìkan ló ń wọ yàrá ẹ̀bùn. Tábìlì tò sí ọjọ́ orí, wọ́n á fọwọ́ ara wọn yan tọmọ wọn, èyí tó wà fún àwọn àgbààgbà wà nínú báàgì dúdú pẹ̀lú nọ́ńbà. A ò wé ẹyọ kan. A fún wọn ní bébà tí wọ́n fi ń wé ẹ̀bùn àti sẹ́lótéèpù kí wọ́n lọ wé e nílé. Àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ fẹ́ràn kí wọ́n máa wé nǹkan, wọ́n bínú díẹ̀ sí i, àmọ́ òbí gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fẹ́ fún ọmọ ẹ̀, àti pé ọwọ́ òbí ni mo fẹ́ kọ́mọ ti gba ẹ̀bùn ọdún, kì í ṣe ọwọ́ mi.

Ogún ìṣẹ́jú ò tó o. Mo ti rò pé kíá ni wọ́n máa yan nǹkan, kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá kan mú ohun ìṣeré méjì dání, ó ń wò wọ́n, ó gbé ọ̀kan sílẹ̀, ó tún gbé e, ó bi aya ẹ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ lé e? A kọjá àkókò wa pẹ̀lú wákàtí kan, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀. Tá a bá tún ṣe é, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni.

Ìdílé márùn-ún tí ò forúkọ sílẹ̀ wá. A ti di báàgì oúnjẹ mẹ́fà sápá kan fún irú wọn, márùn-ún lọ níbẹ̀. Ọmọ méjì nínú wọn ti ju mọ́kànlá lọ, bọ́ọ̀lù àti báàgì tó ṣẹ́ kù nínú ohun tá a fi ṣe pàṣípààrọ̀ ló bá wọn mu.

Nígbà tá a palẹ̀ mọ́, báàgì dúdú kan ló kù lórí tábìlì. Nọ́ńbà 27. Ọmọ oníná ìkàwé. Oúnjẹ ilé wọn náà ṣì wà nílẹ̀. Àǹtí pe ìyá ẹ̀, kò gbé e. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, èmi àti bọ̀dá yẹn gbé ẹrù náà sínú mọ́tò, a lọ. Ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó kí wa dáadáa, ó ní ìyá òun ṣì wà níbi iṣẹ́, wọ́n fi kún wákàtí iṣẹ́ wọn lójijì ni. Bọ̀dá fẹ́ gbé báàgì dúdú náà fún un, mo di apá wọn mú. Oúnjẹ nìkan la gbé wọlé. A sọ fún un pé a fẹ́ rí màmá, a padà sínú mọ́tò, a jókòó. Ó kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí obìnrin náà tó dé, ó ń yára rìn, ó ti ń bẹ̀ wá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo gbé báàgì náà fún un. Ó ṣí i díẹ̀, ó wò ó, ó tì í bọnú báàgì iṣẹ́ ẹ̀, ó fa síìpù ẹ̀ pa, ó sì wọlé.